Òfin Iṣẹ́ Àṣegbowó fún Akẹ́kọ̀ọ́ Àlejò: Ọ̀nà London àti Ọ̀nà Abidjan láti Àgbègbè Èjìgbò

1. Ìfáàrà

Ọ̀nà àjò méjì ni ó wà níwájú ọ̀dọ́ tí a bí sí Ìsundunrin tàbí sí èyíkéyìí nínú àwọn ìlú tí ó yí Èjìgbò ká ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Èkíní ni ọ̀nà Abidjan, tí ó gba Kútọnu, Lómè àti Àkírà kọjá. Ọ̀nà àwọn oníṣòwò ni, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí etí fi ń gbọ́ èdè Faransé ní ìgboro Èjìgbò, tí àwọn ènìyàn sì ń ná owó sẹ́fà níbẹ̀. Èkejì ni ọ̀nà London, èyí tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá jọ ń tọ̀, tí í sì í ṣe ọ̀nà ìwé kíkà. Àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀ lórí àwọn tí ó lọ ṣòwò, wọ́n sì ti kọ púpọ̀ lórí àwọn tí ó lọ kàwé. Ohun tí kò tíì gba àfiyèsí tó ni ibi tí ìwé àti iṣẹ́ ti pàdé: lábẹ́ àṣẹ wo ni ẹni tí ó lọ kàwé ní ilẹ̀ àjèjì fi lè ṣiṣẹ́ gbowó?

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn kò ju ọ̀kan lọ. Títí di ọdún 1962, ẹ̀tọ́ ni iṣẹ́ jẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ó ti di ìyọ̀ǹda. Ìyọ̀ǹda yìí dúró lórí èrò kan, èyí ni pé láti ilé ni owó tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ná ti ń wá, àti pé àfikún lásán ni iṣẹ́ jẹ́. Ìtàn kò gbè sẹ́yìn èrò náà. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì ni owó ilé ti dá akẹ́kọ̀ọ́ sí àárín ọ̀nà, nínú ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà, òfin kò yí padà nítorí rẹ̀. Àìní ilẹ̀ tí ó gba àlejò ni ó ń mú kí ìyọ̀ǹda fẹ̀ tàbí kí ó fún, kì í ṣe àìní akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà London ni yóò kọ́kọ́ gba àyẹ̀wò, lẹ́yìn náà ni a óò fi ọ̀nà Abidjan wé e.

2. Kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí: títí di ọdún 1962

Kì í ṣe òní ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti ń fi iṣẹ́ gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ ní London. Ladipọ Ṣolankẹ, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin, fi kíkọ́ni ní èdè Yorùbá ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí owó kò tó. Òun àti Herbert Bankole-Bright, ọmọ ilẹ̀ Sierra Leone, ni wọ́n wà ní ìdí ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1925. Ní ọdún 1933, ẹgbẹ́ náà ṣí ilé ìbùwọ̀ kan ní òpópónà Camden, nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé ní London kì í gba aláwọ̀ dúdú sílé.

Ọ̀rọ̀ ilé ìbùwọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún àlàyé tí ó ń bọ̀. Ohun tí ó ń dí akẹ́kọ̀ọ́ ayé ìgbà náà lọ́wọ́ ni ìwà àwọn onílé àti àwọn agbanisíṣẹ́. Kì í ṣe òfin ìlú. Ọmọ-abẹ́ Ọba ni ọmọ Nàìjíríà, ó sì lè wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó gbé ibẹ̀, kí ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òfin Ọmọ-Ìlú ti ọdún 1948 kò gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tí í bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè iye wákàtí tí ó fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀.

Ẹ̀tọ́ yìí bọ́ sí àkókò tí ìfẹ́ sí ẹ̀kọ́ gíga ń gbilẹ̀ nílé. Ọdún 1948 ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n àyè tí ó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbafẹmi Awolọwọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó mú kí ìwé wọ àwọn ìlú oko bí irú Ìsundunrin. Yunifásítì Ifẹ̀ kò gba akẹ́kọ̀ọ́ títí di ọdún 1962. Àwọn díẹ̀ ni ìjọba fún ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́. Àwọn tí ó pọ̀ jù ni ẹbí dáwó jọ fún, tàbí tí wọ́n fi owó ara wọn sanwó ọkọ̀ òkun. Iṣẹ́ ni irú àwọn wọ̀nyí gbójú lé: wọ́n ń to lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, nínú ọkọ̀ akérò àti ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a gba kíláàsì ìrọ̀lẹ́ lọ láti kọ́ ìmọ̀ òfin tàbí ìṣirò owó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lọ́yà àti akáǹtáǹtì tí Nàìjíríà ní nígbà òmìnira ni owó iṣẹ́ wọn fúnra wọn sọ di ọ̀mọ̀wé. Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ náà sí ohun ẹ̀gbẹ́ kan lásán nínú ìtàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò tíì rí ìtàn náà.

3. Láti ọmọ-abẹ́ Ọba sí àlejò: 1962 sí 1980

Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí òfin tí ó de àwọn àlejò láti ilẹ̀ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 1962. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, èyí tí wọ́n pín sí ìsọ̀rí mẹ́ta: ti ẹni tí ó ti ní iṣẹ́ tí ó ń dúró dè é, ti ẹni tí ó ní ìmọ̀ iṣẹ́ kan tí ìlú nílò, àti ti àwọn yòókù. Wọn kò béèrè ìwé yìí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nígbà àtijọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ọmọ-abẹ́ Ọba ni. Nísinsìnyí, ìjọba ti pín ènìyàn sí òṣìṣẹ́ lọ́tọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lọ́tọ̀, ẹni kan náà kò sì lè rọrùn jẹ́ méjèèjì mọ́.

Ìgbé ayé àwọn ènìyàn kò tètè gba ìpínyà yìí. Buchi Emecheta, òǹkọ̀wé ọmọ Igbo tí a bí ní Èkó, dé London ní ọdún 1962 láti bá ọkọ rẹ̀ tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé British Museum láti ọdún 1965 sí 1969, ó ń tọ́ ọmọ márùn-ún, lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ gba oyè ìmọ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì London. Ìwé rẹ̀, Second Class Citizen, tí ó jáde ní ọdún 1974, fi hàn kedere pé nínú ọ̀pọ̀ ilé akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, owó oṣù ìyàwó ni ó ń san owó ilé, tí ó sì ń ra ìwé ọkọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó tilẹ̀ fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó alágbàtọ́ kí bàbá àti ìyá lè ráyè fún iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́.

Ní ọdún 1967, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya owó ilé-ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́: pọ́n-ùn 250 fún akẹ́kọ̀ọ́ láti òkè òkun, nígbà tí ọmọ ilẹ̀ náà ń san nǹkan bí pọ́n-ùn 70. Lẹ́yìn èyí ni Òfin Wíwọ̀lú ti ọdún 1971 dé, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973. Lábẹ́ òfin yìí, akẹ́kọ̀ọ́ àlejò kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, ìbáà ṣe ní àkókò ìsinmi, àfi bí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójútó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá fọwọ́ sí i. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọn yóò wò ó bóyá ọmọ ìlú kan wà tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà. Bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ní àdúgbò ni ó ń sọ bóyá àlejò yóò rí oúnjẹ jẹ tàbí kò ní rí i.

4. Ìgbà àkọ́kọ́ tí owó ilé kùnà: 1980 sí 1999

Ní àwọn ọdún tí owó epo ń ṣàn, ìṣòro yìí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí òkè òkun, náírà sì lágbára. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Margaret Thatcher pàṣẹ pé láti ọdún ẹ̀kọ́ 1980 sí 1981, akẹ́kọ̀ọ́ àlejò tuntun yóò máa san gbogbo iye tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń náni, ọ̀pọ̀ ẹbí ní Nàìjíríà ṣì rò pé àwọn yóò lè san án.

Ṣùgbọ́n owó epo já wálẹ̀. Ní ọdún 1985, nǹkan bí náírà 1 ni dọ́là Amẹ́ríkà 1 lọ́jà ìjọba. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ṣí ọjà pàṣípààrọ̀ tuntun tí a mọ̀ sí SFEM. Nígbà tí ó fi di ọdún 1987, dọ́là 1 ti di nǹkan bí náírà 4. Nínú oṣù Kẹsàn-án 1986 yìí kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gáànà, Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh yóò máa gba físà kí wọ́n tó wọ̀lú. Àti nílé àti lóko ni ilẹ̀kùn ti pa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ta kòkó tàbí iṣu kí ó tó fi owó ránṣẹ́ ní láti wá nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin náírà kí ó tó rí iye tí ó ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, òfin ọdún 1971 kò mọ̀ pé náírà ṣubú. Ohun kan tí ó mọ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ti sọ nígbà tí ó ń wọlé pé owó òun pé.

5. Wákàtí 20: 1999 sí 2024

Òyìnbó tí ó ṣe lẹ́ẹ̀dì ni ó ṣe ìrésà. Òwe yìí ni ó bá ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ó tẹ̀ lé e mu jù lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1999, ìjọba Tony Blair, tí ó fẹ́ kí àwọn yunifásítì Gẹ̀ẹ́sì gba akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ sí i ní ọjà àgbáyé, mú ìwé ìyọ̀ǹda olúkúlùkù iṣẹ́ kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́, ó sì lè ṣiṣẹ́ ní kíkún nígbà ìsinmi. Ó ṣì wà ní èèwọ̀ pé kí ó dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Èèwọ̀ yìí le púpọ̀ fún ọmọ àgbègbè tí ó jẹ́ pé òwò ni wọ́n fi tọ́ ọ.

Bí ìjọba ti yí padà ní ọdún 2010 ni ìrésà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 2011, wọ́n gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, wọ́n ti ọ̀nà tí ó fún ẹni tí ó parí ẹ̀kọ́ ní ọdún méjì láti ṣiṣẹ́. Òfin ọdún 2016 sọ ọ́ di ọ̀ràn kí àlejò ṣiṣẹ́ láìní àṣẹ. Lẹ́yìn náà ni lẹ́ẹ̀dì tún padà wá: ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2021, wọ́n ṣí ọ̀nà ọdún méjì náà padà, ọdún mẹ́ta fún ẹni tí ó bá gba oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà rọ́ lọ. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2021 sí 2022, wọ́n lé ní 40,000 ní àwọn yunifásítì ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn mú ọkọ tàbí aya àti ọmọ dání, nítorí pé òfin kò ka wákàtí iṣẹ́ fún ọkọ tàbí aya akẹ́kọ̀ọ́. Èyí jọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ayé Emecheta: ẹnì kan ń kàwé, ẹnì kejì ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ máísítà onílẹ́kíṣọ̀ kò lè mú ẹbí dání mọ́. Ní oṣù Kejì ọdún náà, ìtanràn agbanisíṣẹ́ tí ó bá gba aláìláṣẹ di èyí tí ó lè tó pọ́n-ùn 45,000 lórí òṣìṣẹ́ kan fún ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́.

Àkókò yìí gan-an ni owó ilé kùnà lẹ́ẹ̀kejì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi náírà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọjà. Dọ́là tí ó wà ní nǹkan bí náírà 460 lé ní náírà 1,400 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹbí ti ṣètò sílẹ̀ di ìdámẹ́ta ara rẹ̀. Ǹjẹ́ iṣẹ́ lè dí àlàfo yìí? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 sí oṣù Kẹta ọdún 2025, owó iṣẹ́ tí ó kéré jù fún ẹni ọdún 21 sókè jẹ́ pọ́n-ùn 11.44 fún wákàtí kan. Wákàtí 20 fún un ní pọ́n-ùn 228.80 lọ́sẹ̀, kí wọ́n tó yọ owó orí. Owó náà lè gbé oúnjẹ àti ilé díẹ̀. Kò lè san ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn tí ó jẹ́ owó ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ìròyìn kàn pé Yunifásítì Teesside yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan kúrò nítorí gbèsè owó ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí náírà ṣubú, wọ́n sì ní kí wọ́n kúrò ní ìlú. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi wákàtí kún wákàtí kí ó lè san gbèsè, ó ti rú òfin. Bí kò bá fi kún un, gbèsè yóò lé e jáde. Ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ti kà á, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé ó sì parí ní ọjọ́ Àìkú. Wákàtí tí kò bá lò lọ́sẹ̀ yìí kò ṣeé gbé wọ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá sì kọjá 20 kò pàdánù iṣẹ́ nìkan: ẹ̀kọ́, ibùgbé àti owó tí ó ti san pẹ̀lú wà nínú ewu.

Àwọn tí ó gbè sẹ́yìn òfin náà ní àwíjàre tí kò ṣeé fojú tẹ́ńbẹ́lú. Wọ́n ní òfin ń dáàbò bo ẹ̀kọ́, nítorí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú arúgbó yóò sùn ní kíláàsì. Wọ́n tún ní ó ń dènà ilé-ẹ̀kọ́ ayédèrú tí ó jẹ́ ojú ọ̀nà iṣẹ́ lásán. Òtítọ́ wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ nìkan bá ni ìdí rẹ̀, iye wákàtí kò yẹ kí ó máa yí padà bí ọjà iṣẹ́ ti ń yí. Ẹ̀rí wà ní Kánádà. Wákàtí 20 ni wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ àlejò níbẹ̀ fún iṣẹ́ ìta ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí òṣìṣẹ́ wọ́n, wọ́n mú ìdíwọ̀n náà kúrò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Wọ́n dá a padà ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n sọ ọ́ di 24. Ọpọlọ akẹ́kọ̀ọ́ kò yí padà láàárín ọdún méjì. Ọjà iṣẹ́ ni ó yí.

6. Ọ̀nà Abidjan

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ sí Côte d'Ivoire, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn Yorùbá ní Ànàgó. Lójú ọ̀nà yìí, iṣẹ́ ni ó ṣíwájú, ìwé ni ó tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́ yóò kọ́kọ́ wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá rẹ̀; bí ó bá lọ ilé-ẹ̀kọ́, tàbí tí ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ wọ yunifásítì Abidjan, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, ìsọ̀ náà kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Òfin tí ó bá ìgbé ayé yìí mu ni ti àjọ ECOWAS, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Àdéhùn ọdún 1979 fún ọmọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè láti wọ ilẹ̀ kejì láìgba físà fún 90 ọjọ́. Ti ọdún 1986 fún un ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀, kí ó wá iṣẹ́, kí ó sì ṣe é, bí ó tilẹ̀ yọ iṣẹ́ ọba sílẹ̀. Ti ọdún 1990 fún un ní ẹ̀tọ́ láti dá òwò sílẹ̀. Kò sí ibi tí àwọn àdéhùn wọ̀nyí ti ya akẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀ láti ka wákàtí rẹ̀. Ọmọ Ìsundunrin tí ń kàwé ní Abidjan jẹ́ ọmọ ECOWAS kí ó tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, gẹ́gẹ́ bí Ṣolankẹ ti jẹ́ ọmọ-abẹ́ Ọba kí ó tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Èyí kò fi hàn pé ọ̀nà Abidjan kò ní ẹ̀gún. Kí àdéhùn tó dé, ìjọba Kofi Busia ní Gáànà ti pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ni ó fi ọjà àti ilé sílẹ̀. Lẹ́yìn tí àdéhùn dé, Nàìjíríà fúnra rẹ̀ lé àwọn ará Gáànà àti àwọn mìíràn jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983. Côte d'Ivoire gbé káàdì ìgbélùú kalẹ̀ ní ọdún 1990, kò sì gbé e kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ ECOWAS títí di ọdún 2007. Nígbà ìjà lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010 sí 2011, ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò padà sílé, yunifásítì Abidjan sì wà ní títì títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ewu tí ó wà lọ́nà Abidjan ń wá nígbà tí wọ́n bá rú àdéhùn. Ewu tí ó wà lọ́nà London wà nínú òfin fúnra rẹ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

Láti 1925 títí di 1962, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi iṣẹ́ di ihò tí owó ilé bá dá sílẹ̀. Láti 1962, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya òṣìṣẹ́ nípa sí akẹ́kọ̀ọ́. Láti 1973, iṣẹ́ di ohun tí a ń tọrọ. Láti 1999, ó di ohun tí a ń wọ̀n. Ní ọdún 1986 àti ní ọdún 2023, nígbà tí náírà ṣubú, òṣùwọ̀n náà dúró síbi tí ó wà. Ohun mẹ́ta ni ó jáde láti inú èyí. Èkíní, ó yẹ kí òpìtàn ẹ̀kọ́ gíga ka ìwé owó oṣù pọ̀ mọ́ ìwé ẹ̀rí, nítorí pé ọ̀kan ni ó ra èkejì. Èkejì, ẹbí tí ó ń dáwó jọ ní Ìsundunrin fún ọmọ tí yóò lọ sí London kò gbọdọ̀ ka owó iṣẹ́ mọ́ owó ilé-ẹ̀kọ́. Òfin kò kà á, ìṣirò kò sì gbè é. Ẹ̀kẹta kan ìjọba Nàìjíríà. Nígbà tí ó bá ń bá ilẹ̀ mìíràn ṣe àdéhùn lórí ẹ̀kọ́, kì í ṣe iye físà nìkan ni ó yẹ kí ó béèrè. Ó yẹ kí ó béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí owó ilé bá ṣubú lójijì: ǹjẹ́ wọn yóò sún ọjọ́ sísan owó síwájú, ǹjẹ́ wọn yóò fi wákàtí kún wákàtí fún sáà kan? Kò sí ìdáhùn kankan fún ìbéèrè yìí nínú òfin ọdún 1971, kò sì sí nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Títí ìdáhùn yóò fi wà, ẹni tí náírà bá ṣubú mọ́ lórí yóò máa yan láàárín gbèsè àti ẹ̀ṣẹ̀.